Àwa mẹ́fà fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Yábà lọ síbi tí gègé bá mú, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ_Sábó | Mọ́ńdè, 8:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́fà la fẹ́ jọ gun kẹ̀kẹ́ jáde ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí o, kì í ṣe ọ̀kadà, kì í ṣe Márúwá. Yábà ni gbogbo wa ń gbé, láti Sábó títí dé Àlágómèjì.

Ohun tó wù wá ni pé ká má fi ibì kankan sọ́kàn ká tó jáde. A ó kọ orúkọ ibi mẹ́jọ sínú bébà, a ó ká wọn, a ó kó wọn sínú fìlà, ẹni tó kéré jù nínú wa á mú ọ̀kan. Ibi tí gègé bá mú, ibẹ̀ là ń lọ. Nítorí pé láti bí ọdún kan, gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ jáde, àríyànjiyàn ló ń bá a jẹ́. Ẹnì kan á ní Ìkòyí, ẹlòmíì á ní Ìkòyí ti sú òun, ká tó parí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti ṣú.

Ibi tó ti le ni pé mẹ́rin péré ló mọ kẹ̀kẹ́ gùn dáadáa. Inú ọgbà UNILAG nìkan ni àwọn méjì yòókù ti ń gùn ún, wọn ò tíì bá dánfó dù títì rí. Kẹ̀kẹ́ méjì nínú mẹ́fà sì jẹ́ àyálò. Tí gègé bá ní ká lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, afárá wo ni ká gbà? Aago mélòó ni ká gbéra? Kí la ó mú dání? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.

Ológeere_Èbúté | Mọ́ńdè, 9:05 àárọ̀

Ẹ kú ìmúra. Ẹ má gba Third Mainland. Gbogbo afárá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, tí nǹkan bá sì ṣe yín láàárín omi, kò síbi tí ẹ ó yà sí. Eré tí mọ́tò ń sá níbẹ̀, awakọ̀ kì í retí pé kẹ̀kẹ́ wà níwájú òun.

Carter Bridge ni kí ẹ gbà. Láti Sábó, ẹ gba Herbert Macaulay lọ sí Oyíngbò, ẹ kọjá Ìddó, ẹ gun afárá, ẹ já sí Ìdúmọ̀tà. Kò pé kìlómítà 10 títí dé Broad Street. Aago 5:30 ni kí ẹ gbéra. Kí aago 7 tó lù, ẹ ti dé, títì ṣófo.

Ìyá_Ìbejì_Súrùlérè | Mọ́ńdè, 9:31 àárọ̀

Mo fara mọ́ Carter Bridge, mi ò fara mọ́ 5:30 yẹn rárá. Ẹ̀gbọ́n, ta ni á dá gun kẹ̀kẹ́ láti ilé rẹ̀ wá síbi ìpàdé nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́? Wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ mi ní Òjúẹlẹ́gbà ní nǹkan bí aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú. Orí kẹ̀kẹ́ ni mo wà, àpò tí mo gbé kọ́rùn ni fóònù wà. Ẹni tó já a gbà ò tilẹ̀ sáré. Ó mọ̀ pé mi ò lè fi kẹ̀kẹ́ mi sílẹ̀ láàárín títì kí n máa lé òun.

Láti ọjọ́ náà, aago 6:30 ni mò ń jáde. Ojúmọ́ ti mọ́, àwọn tó ń gbá títì ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ìyá alákàrà ti gbé epo kaná. Ilé epo tó ní ẹ̀ṣọ́ ni kí ẹ ti pàdé, kì í ṣe abẹ́ afárá.

Tí obìnrin bá wà nínú yín, ẹ bá mi sọ fún un pé ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọ̀tún ni ṣéènì máa ń jẹ. Rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ni kó fi dì í. Ariwo "àǹtí oníkẹ̀kẹ́" á pọ̀, kó má wẹ̀yìn.

Third_Mainland_Sọ́ńdè | Mọ́ńdè, 12:18 ọ̀sán

Ológeere_Èbúté, ẹ̀rù lẹ kó bá àwọn èèyàn yìí. Mo ti ń gun Third Mainland láàárọ̀ Sọ́ńdè fún ọdún mẹ́ta. Tí wọ́n bá gun orí ẹ̀ láti Adékúnlé, apá kan péré ni wọ́n á gùn, wọ́n á bọ́ sílẹ̀ ní Adéníji. Ẹ rí i bí oòrùn ṣe ń yọ lórí ọ̀sà níbẹ̀, tí àwọn apẹja Mákòkó ti na àwọ̀n, tí èéfín ń rú lórí omi? Kò sí afárá míì tó ní i.

Ohun tó léwu lórí gbogbo afárá wa ni irin ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Àlàfo rẹ̀ lè gbé táyà tín-ín-rín mì. Ẹ jókòó ṣinṣin, ẹ doríkọ ọ́ tààrà, ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ gùn ún.

Ológeere_Èbúté | Mọ́ńdè, 12:40 ọ̀sán

Ẹ̀yin mélòó lẹ jọ ń gùn ún? Ṣé kò sí mọ́tò tó ń tan iná tẹ̀ lé yín lẹ́yìn?

Third_Mainland_Sọ́ńdè | Mọ́ńdè, 1:02 ọ̀sán

Àwa bí ogún ni. Òótọ́ ni, mọ́tò kan máa ń tẹ̀ lé wa. Ó yẹ kí n ti sọ ìyẹn látìbẹ̀rẹ̀. Fún ẹni mẹ́fà tí méjì ò tíì wọ títì rí, mo gbà: kí wọ́n gba Carter. Ti ìlà irin yẹn, mi ò yí i padà, ó wà lórí Carter náà.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe_Mushin | Mọ́ńdè, 8:15 alẹ́

Iṣẹ́ ọwọ́ mi lẹ fọwọ́ kàn yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó gùn díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àyálò méjì yẹn bà mí lẹ́rù ju afárá lọ. Ẹni tó bá yáni ní kẹ̀kẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti ń gbé e kọ́ ara ògiri láti bí ọdún méjì.

Ẹ lọ gbà á ní Fúráìdè, kó má jẹ́ àárọ̀ Sọ́ńdè. Ẹ tẹ táyà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tó bá ti sán wẹ́wẹ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ lásìkò ọyẹ́, ẹ má gùn ún, bó ti wù kí ojú rẹ̀ nípọn tó. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ẹ tẹ bíréèkì iwájú, ẹ tì í síwájú. Ó yẹ kí táyà ẹ̀yìn fẹ́ gbéra nílẹ̀. Tó bá ṣì ń yí lọ, bíréèkì ò sí níbẹ̀.

Èyí tó máa ń ṣe àwọn oníbàárà mi jù ni ẹnu túùbù. Púpọ̀ nínú tòkùnbọ̀ ló ní ẹnu tín-ín-rín, tó dà bí igi ìṣáná. Ẹnu ẹ̀rọ fọkanáísà ò wọ̀ ọ́. Ẹ lè rí fọkanáísà mẹ́wàá láti Yábà dé Ìddó, kí ẹnìkan nínú wọn má lè fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Irin kékeré kan wà tí wọ́n ń dé mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ rà á lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta nǹkan kẹ̀kẹ́. Èyí tí ẹnu rẹ̀ nípọn bíi ti mọ́tò, tí fọkanáísà lè fẹ́, ẹ sọ fún un kó rọra. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà mọ́tò á bẹ́ túùbù kẹ̀kẹ́ kí ó tó gbé ọwọ́ kúrò.

Ẹ mú túùbù ìpààrọ̀ dání, èyí tó bá táyà yín mu gan-an. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 26, 27.5, 700, ẹ kà á kí ẹ tó jáde nílé. Pọ́ǹpù ọwọ́ kan tó fún ẹ̀yin mẹ́fà.

Ẹ má da epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò sí ṣéènì, mo bẹ̀ yín. Iyanrìn Èkó ló ń kó, á sì máa rin ṣéènì títí táá fi já. Epo fífúyẹ́ díẹ̀, kí ẹ fi àkísà nù ún dànù títí ọwọ́ yín ò fi ní dúdú mọ́. Ti ìjókòó, tí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dàlì dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí orúnkún kù díẹ̀ kó tó nà tán. Ẹni tó jókòó sílẹ̀ jù, orúnkún rẹ̀ á ti sọ̀rọ̀ kó tó dé Ìddó.

Bàbá_Ọ̀jọ́ta | Túsìdè, 6:50 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, inú mi sì dùn sí i. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ fi kún un.

Ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, 1972 ni Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà náà, kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni mò ń gùn kiri Èbúté Mẹ́tà. Ó pẹ́ kí ara mi tó gbàgbé apá òsì. Ohun tó mú mi sọ èyí ni pé mò ń rí àwọn oníkẹ̀kẹ́ òde òní tí wọ́n ń gùn kọjú sí mọ́tò, tí wọ́n ní kí àwọn lè rí ohun tó ń bọ̀. Àṣìṣe ni. Ẹlẹ́sẹ̀ ló ń kọjú sí mọ́tò, nítorí ó lè bẹ́ sí kọ̀rọ̀. Ìwọ tí o wà lórí kẹ̀kẹ́, eré tìrẹ àti eré mọ́tò á jọ pàdé. Apá ọ̀tún ni kí ẹ máa bá mọ́tò lọ.

Èkejì: ẹni tó lọ́ra jù ni kó wà níwájú. Ẹni tí wọ́n bá fi sẹ́yìn á máa fi tipátipá lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń ṣìnà tàbí ṣubú.

Ológeere_Èbúté | Túsìdè, 7:20 àárọ̀

Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ fún mi láyè kí n yí èkejì yẹn díẹ̀. Tí ẹni tó lọ́ra jù bá jẹ́ ẹni tí ò mọ títì, òun kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ pàdé kòtò. Ẹni tó mọ ọ̀nà ni kó ṣáájú, kí ẹni tó lọ́ra tẹ̀ lé e, kí aṣáájú máa bojú wẹ̀yìn, kó máa fi eré ẹni náà gùn. Ẹni tó lágbára jù ni kó wà lẹ́yìn pátápátá, pẹ̀lú pọ́ǹpù àti fóònù.

Bàbá_Ọ̀jọ́ta | Túsìdè, 7:34 àárọ̀

Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ìyẹn ló péye jù.

Akẹ́kọ̀ọ́_Akọka | Túsìdè, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Fún àwọn méjì tí kò tíì bá dánfó pàdé: etí ni kí wọ́n fi máa gùn ún. Apá ọ̀tún tí bàbá ní ká wà yẹn ni dánfó máa ń já sí láti já èrò, láìtan iná kankan. Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ̀rọ̀ kó tó já. Tí ẹ bá gbọ́ tí èrò inú ọkọ̀ kígbe "Ó wà o!", tàbí tí kọ́ńdọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ọkọ̀, ẹ tẹ bíréèkì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti gba ọ̀tún rẹ̀ kọjá, kọ́ńdọ́ ti ń bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró.

Mo sì ní àtakò díẹ̀ sí gègé yìí. Ibi mẹ́jọ, ṣé ẹnìkan nínú yín ti gun ọ̀nà ibi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ rí? Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe irú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, Lékkí ló mú, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà. A kàn ń tẹ̀ lé máàpù orí fóònù títí ó fi gbé wa sórí títì ńlá tí mọ́tò ń ya wá lára lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀kan nínú wa sunkún, mi ò sì bá a wí.

Ìyá_Ìbejì_Súrùlérè | Túsìdè, 5:00 ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ nìyí, ṣùgbọ́n ẹ má bá wọn pa gègé. Ìdùnnú ibẹ̀ nìyẹn. Ibi tí ẹnì kan nínú wọn bá ti gùn dé ní kí wọ́n kọ sínú bébà, kí ẹni náà sì di aṣáájú lọ́jọ́ tó bá mú. Tó bá jẹ́ márùn-ún ló kù nínú mẹ́jọ, márùn-ún náà tó.

Ọmọ_Pópó_Àgùdà | Wẹ́sìdè, 10:25 àárọ̀

Ọmọ_Sábó, mo rọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí Pópó Àgùdà wà nínú fìlà yẹn. Ọmọ ibẹ̀ ni mí. Àwọn baba wa tó padà dé láti Bùràsíìlì ló tẹ àdúgbò náà dó, àwọn òpópó rẹ̀ sì há tó jẹ́ pé ẹni tó wà nínú mọ́tò ò lè rí nǹkan kan. Ẹlẹ́sẹ̀ á rí i, oníkẹ̀kẹ́ á rí i. Ẹ gbójú sókè wo ojú fèrèsé, ọnà òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe wà lórí ẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, kò tíì ya.

Láti Ìdúmọ̀tà, ẹ gba Nnamdi Azikiwe dé Tinubu. Ẹ yà sí Martins Street, kí ẹ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ọ̀gá kọ́lékọ́lé Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló kọ́ ọ. Ilé Olómi (Water House), ilé ìdílé da Rocha tí wọ́n jẹ́ Àgùdà, wà ní Kakawa. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Campos Square. Àwọn tó bá ní agbára sí i lè kọjá sí Freedom Park ní Broad Street, ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba òyìnbó ni tẹ́lẹ̀, ó di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010. Owó ìwọlé wà.

Ẹ lọ nísinsìnyí tí wọ́n ṣì wà. Ilé Fernandez tó wà ní Tinubu, tí ìjọba ti kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956, wọ́n wó o ní 2016. Iwájú ẹ̀ ni mò ń gbà lọ sílé ẹ̀kọ́. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, òkìtì bíríkì ni mo bá.

Àwọn òpópó kan jẹ́ ọ̀nà àlọ nìkan. Ẹ má sọ pé kẹ̀kẹ́ lásán ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tì í gba ẹ̀gbẹ́. Tí ẹ bá bá àwọn ọmọ àdúgbò níkorítà, ẹ kí wọn kí wọ́n tó bi yín ní nǹkan kan. "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n" máa ń ṣí ọ̀nà níbẹ̀.

Ológeere_Èbúté | Wẹ́sìdè, 11:00 àárọ̀

Mo gbàgbé ohun tó ṣe pàtàkì lórí ti Ìdúmọ̀tà. Ọjà kì í ná bẹ́ẹ̀ ní Sọ́ńdè, títì á dùn ún gùn, ẹ ó fẹ́ sáré. Ẹ má sáré. Ọ̀pọ̀ ihò gọ́tà ni wọ́n ti jí ìdérí irin rẹ̀ lọ. Òmíràn, ẹ̀ka igi tàbí táyà ni wọ́n fi há a kí èèyàn lè rí i, òmíràn ò ní nǹkan kan.

Ọmọ_Sábó | Tọ́sìdè, 7:45 alẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. A ti pín in báyìí: bébà di márùn-ún, 6:30 nílé epo, Carter tó bá jẹ́ Ìsàlẹ̀ Èkó. A ti gba kẹ̀kẹ́ àyálò méjèèjì, táyà ọ̀kan sán gẹ́gẹ́ bí Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ti wí, a ti pààrọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù. Tí òjò bá ṣú láàárọ̀ Sọ́ńdè ńkọ́?

Third_Mainland_Sọ́ńdè | Tọ́sìdè, 8:03 alẹ́

Ẹ máa lọ, omi ò jẹ èèyàn.

Ìyá_Ìbejì_Súrùlérè | Tọ́sìdè, 8:20 alẹ́

Ẹ má gbọ́ tirẹ̀ lórí èyí. Ihò gọ́tà tí Ẹ̀gbọ́n sọ yẹn, tí omi bá bò ó, ta ló mọ̀ pé ó wà? Ìlà irin orí afárá náà máa ń yọ̀ bí ọṣẹ tó bá ti tutù. Tó bá rọ̀ kí ẹ tó jáde, ẹ sùn. Tó bá bá yín lọ́nà, ẹ yà sábẹ́ nǹkan, kó dá, kí omi fà, kí ẹ tó máa lọ.

Ọmọ_Sábó | Sọ́ńdè, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. A ti lọ, a ti bọ̀, kẹ̀kẹ́ mẹ́fà, orí mẹ́fà pé. Òjò ò rọ̀.

Pópó Àgùdà ni gègé mú. Nígbà tí àbúrò wa tú bébà yẹn, ó pariwo tó jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ ilé epo jáde wá wò wá. Èmi ni mo ti dé ibẹ̀ rí, èmi ni mo ṣáájú. Ní Oyíngbò a gbọ́ "Ó wà o!" nínú dánfó tó wà níwájú wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọgbà UNILAG tí a ń bẹ̀rù fún ló kọ́kọ́ tẹ bíréèkì, kó tó kan èmi. Kọ́ńdọ́ náà bẹ́ sílẹ̀ síbi tí à bá wà gan-an.

A ò fẹsẹ̀ lásán kọjá Ìddó. Ìṣó gún táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kan. Túùbù ìpààrọ̀ wà lọ́wọ́, pọ́ǹpù wà, irin ẹnu túùbù wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mú sípánà tí a ó fi tú táyà náà kúrò lára kẹ̀kẹ́. A dúró fún ogójì ìṣẹ́jú kí fọkanáísà kan tó gbé àpótí rẹ̀ jáde, sípánà 15 ló sì bá a mu. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Omi tútù àti búrẹ́dì la rà fún un.

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Pópó_Àgùdà, a rí ọnà òdòdó orí fèrèsé yẹn. Bàbá kan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀ rí wa tí à ń gbójú sókè, ó ní ká wọlé. Ó fi àtẹ̀gùn pákó hàn wá. Gbogbo etí àtẹ̀gùn náà ti jẹ láàárín, ó tẹ̀ bí abọ́, ó ní ẹsẹ̀ àwọn ará ilé òun ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà bàbá bàbá òun. Ẹ̀wà agọ̀yìn la jẹ ní kọ̀rọ̀ òpópó náà. Nígbà tí à ń padà, atẹ́gùn ọ̀sán ń tì wá lẹ́yìn lórí Carter, àwọn méjì yẹn ni wọ́n ń kọrin.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe_Mushin | Sọ́ńdè, 6:12 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ sípánà yẹn dùn mí, èmi ni mo gbàgbé rẹ̀. Lọ́wọ́ mi ó ti di ìka kẹfà, mi ò rántí pé ẹlòmíì ò ní i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: sípánà 15 fún kẹ̀kẹ́ tó fi nọ́ọ̀tì di táyà. Èyí tó ní ọwọ́ tí wọ́n ń ṣí kò nílò rẹ̀.

Ọmọ_Pópó_Àgùdà | Sọ́ńdè, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Mo mọ bàbá náà. Tí ẹ bá tún dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Gúdù Fúráìdè, fùrẹ́jọ̀n, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, ló máa fún yín.

Ìyá_Ìbejì_Súrùlérè | Sọ́ńdè, 7:05 alẹ́

Bébà mẹ́rin ló ṣì kù nínú fìlà yín. Ẹ fi èmi náà kún un ní Sọ́ńdè tí ẹ ó tún jáde. Màá kọ ibì kan ní Súrùlérè sí i, mo mọ ọ̀nà rẹ̀ dáadáa, sípánà sì wà lọ́wọ́ mi.